Ta Ló Ni Ẹ̀rọ Iná Òkè-Ìlá?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Tíṣà Ọlálérè jẹ́, kó wò ó níbi tó bá ti ń ra ẹ̀wà. Á bù ú sọ́wọ́, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á gbé e sójú oòrùn, á wá bi obìnrin tó ń tà á pé, "Ìsàlẹ̀ àpò ńkọ́?" Bí ìyẹn bá da ìsàlẹ̀ àpò sílẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ tún dé nìyẹn: kí ló dé tó fi yá a lára bẹ́ẹ̀ láti dà á? Kì í ṣe pé bàbá náà burú o. Kò pa ìsìn Sọ́ńdè jẹ rí, kì í gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ká irọ́ mọ́ ọn lẹ́nu rí. Àmọ́ bí fíkà bá ní kí gbogbo ìjọ dijú kí wọ́n gbàdúrà, ojú kan ṣoṣo ni Tíṣà ń dì.

A ò lè dá a lẹ́bi tán. Iṣẹ́ tíṣà ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi í ṣọ́ àwọn tó ń ṣe ìdánwò ní Adó àti àwọn ìlú tó yí i ká, ojú rẹ̀ sì rí nǹkan. Ó bá ìdáhùn nínú ìdérí bírò, ó bá a lábẹ́ etí yẹ̀rì, ó bá a nínú ìwé orin mímọ́. Lọ́dún kan ní Ìgbẹmọ, wọ́n gbé búrẹ́dì wá fún ọmọ kan nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, wọ́n ní ọgbẹ́ inú ń dà á láàmú. Tíṣà bu búrẹ́dì náà sí méjì, ìwé wà láàrin rẹ̀ bíi sàdíìnì. Gbogbo èèyàn ló kan sáárá sí i lọ́jọ́ náà pé ojú rẹ̀ mú. Oríyìn yẹn ló kó bá a, torí láti ìgbà náà ló ti gbà pé kò sí búrẹ́dì tí kò ní nǹkan nínú.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọ́ sí Òkè-Ìlá ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Adéfúnkẹ́, ọmọ Ìgbẹmọ, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Oore. Oore-ọ̀fẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà nílé ọkọ n'Íbàdàn. Màmá Oore ń ta ẹja yìnyín níwájú ilé. Ọlọ́yàyà obìnrin ni, ó mọ oníbàárà rẹ̀ àti orúkọ ọmọ wọn. Ọ̀yàyà yìí gan-an ni kì í jẹ́ kí ọkàn ọkọ rẹ̀ balẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń ta gáàsì bá wọn gbé sílíńdà wọlé, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ilé ìdáná tààrà. Tíṣà dí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ta ló fi ilé ìdáná mi hàn ọ́?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Títí dòní, ojú títì ló ń gbé sílíńdà wọn sí, á sì kígbe láti ibẹ̀ pé gáàsì dé.

Ní ti ẹ̀rọ iná àdúgbò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní tíránsífọ́mà, Tíṣà náà ni alága àwọn tó rà á. Èyí tí iléeṣẹ́ tó ń pín iná gbé síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló jóná. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, àwọn ń bọ̀, títí a fi sọ òkùnkùn di ará ilé. Ni ẹgbẹ́ onílé bá dáwó, wọ́n ra tiwọn, bí ọ̀pọ̀ àdúgbò ṣe ń ṣe nílùú yìí. Ọjọ́ tó dé, fíkà gbàdúrà sí i. Wòlíì ìjọ Àládùúrà tó wà nísàlẹ̀ òpópónà náà wọ́n omi sí i, àmọ́ láti òkèèrè, torí ẹ̀mí dùn. Ìgbà tí wọ́n ṣe àmín tán ni Ajíbádé, akọ̀wé ẹgbẹ́, wá ní ó yẹ kí wọ́n kọ lẹ́tà fa ẹ̀rọ náà lé iléeṣẹ́ iná lọ́wọ́, kó lè wà lábẹ́ ààbò ìjọba.

Tíṣà fò dìde. "Ká fa kí ni lé ta lọ́wọ́? Ẹ máa jí lọ́jọ́ kan, ẹ máa gbọ́ pé ó ti wà ní àdúgbò àwọn olówó. Àwa la rà á, àwa la ni ín. Àwa la ó máa ṣọ́ ọ."

Àtẹ́wọ́ ròkè lálá. Kò sẹ́ni tó fọkàn tán iléeṣẹ́ iná nínú wọn, Ajíbádé pàápàá pàtẹ́wọ́. Wọ́n pe ẹni tó ń kọ pátákó, ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ẹ̀rọ náà gàdàgbà pé ohun-ìní ẹgbẹ́ onílé ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Tíṣà dúró tì í títí ọ̀dà fi gbẹ.

Ọjọ́ Sọ́ńdè ìkórè ni olè wá. Kò sí ẹlẹ́sẹ̀ tó dúró sílé lọ́jọ́ náà, kálukú wà ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tí wọ́n ń ta iṣu àti ewúrẹ́ ní gbàǹjo. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, àwọn olè ti fọ́ àgádágodo ọgbà ẹ̀rọ náà, wọ́n ti gé àwọn wáyà bàbà rẹ̀ lọ, wọ́n sì ti fa epo inú rẹ̀ gbẹ. Tíṣà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìkórè lọ́rùn, ó ń wo ọ̀dà pupa tó kọ. Inú bí i débi pé "ilé" bẹ̀rẹ̀ sí í di "ulé" lẹ́nu rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pè é ní Adó, bẹ́ẹ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò ló máa ń sọ bí ó bá dúró níwájú àwùjọ.

"Oníṣẹ́ iná ló jí i," ó ní. "Ta ló tún mọ bí wọ́n ṣe ń tú u? Títí a ó fi rí olè yìí mú, kí oníṣẹ́ iná kankan má fẹsẹ̀ tẹ ibí yìí. Kò ní wá fi àtúnṣe bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà nínú òkùnkùn, àìrí olè kò jẹ́ ká tún ẹ̀rọ ṣe. Tíṣà gbé àga sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń ṣọ́ ọgbà náà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ó fura sí Ajíbádé akọ̀wé torí pé ó ra bàtà tuntun. Ó fura sí ẹni tó ń ṣe táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ torí pé kò ra nǹkan kan; ó ní ọgbọ́n ni ìyẹn ń ta. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ kò fura sí ẹnikẹ́ni. Ẹja ló ń bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ní kò lè gbé fíríísà, àwọn oníbàárà sì ti ń fi imú wọn gbọ́ òórùn kí wọ́n tó sọ pé àwọn máa padà wá. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ kó jẹ́ kí wọ́n kàn pe ẹnì kan wá wo ohun tó kù. Tíṣà wò ó, ó ní, "Ẹnì kan wo? Ta lo ní lọ́kàn?" Obìnrin náà kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sọ mọ́.

Lọ́jọ́ Fúráìdé, Màmá Oore lọ sí Ìgbẹmọ, wọ́n ní ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò yá. Ní Sátidé, àwọn èèyàn ń ro ẹ̀gbẹ́ ilé, wọ́n ń kó gọ́tà, nígbà tí Tíṣà rí ọkùnrin kan tó wọ inú ọgbà ẹ̀rọ iná lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀rọ náà, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ń fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Tíṣà mọ̀ ọ́n. Olúwabùsáyọ̀ ni, oníṣẹ́ iná tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré nísàlẹ̀ òpópónà, ọmọ ìjọ Àládùúrà, tí kò tíì láya, tó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tó jẹ́ opó. Bí bàbá náà ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bíi pé kì í ṣe òun ni orúnkún ń dùn lánàá.

"Kí lo wá ṣe níbí?"

Bùsáyọ̀ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá. Mo wá wo ohun tó kù lára rẹ̀ ni."

"Ta ló rán ọ?"

Bùsáyọ̀ gbójú sókè wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Tíṣà, ó tún wolẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n má sọ."

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀! Wọ́n bá ẹ̀mú àti tẹ́sítà nínú ọ̀rá tó gbé dání, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun má sọ. Tíṣà kígbe, àdúgbò sì rọ́ dé tọkọ́ tàdá, torí iṣẹ́ ìmọ́tótó ni wọ́n ń ṣe. Ẹnì kan ti gbá a létí, ẹlòmíì ti ń bi ẹni tó ń ṣe táyà bóyá ó ní èyí tó gbó. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi táyà náà ṣe, ọmọdé ilẹ̀ yìí mọ̀ ọ́n. Ibi tí mo ti gbọ́dọ̀ yin Tíṣà nìyí o, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi ìbínú gbàgbé oore. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó dúró láàrin wọn àti Bùsáyọ̀, ó ní ẹni tó bá tún fọwọ́ kàn án, òun á kà á mọ́ ara àwọn tó fẹ́ pa ẹnu olè dé. "Òfin ni ká fi mú un," ó ní. "Mo fẹ́ kó ṣẹ̀wọ̀n lójú gbogbo yín."

Òun fúnra rẹ̀ ló bá wọn mú un dé tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Sájẹ́ńtì tó jókòó síbẹ̀ kí i dáadáa, ó ní, "Bàbá, kí lẹ bá lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ẹ̀mú àti tẹ́sítà."

"Èyí tí wọ́n jí ńkọ́?"

"Ó ti tà á. Ìyẹn kò le láti mọ̀."

Sájẹ́ńtì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ iná, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń dáàbò bo ohun-ìní ìjọba ló ni ín. Ìka tó tọ́ sí imú la fi ń re imú. Ẹ lọ bá wọn. A máa tọ́jú rẹ̀ síbí di àárọ̀ Mọ́ńdè. Bí wọn kò bá wá gbà á, tí ẹ kò sì rí ẹ̀rí kankan mú wá, a máa tú u sílẹ̀. A kò láṣẹ láti ti èèyàn mọ́lé lásán."

Di àárọ̀ Mọ́ńdè. Ọ̀rọ̀ yìí ń gbóná lára Tíṣà bí ó ti ń gun ọ̀kadà gba ọ̀nà Fájuyì lọ sí ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́ náà. Bùsáyọ̀ máa jáde, á padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á máa kí i pé ẹ káàárọ̀ sà. Kò lè ṣẹlẹ̀. Ó fẹ́ pe ìyàwó rẹ̀ ní Ìgbẹmọ kó sọ fún un, ó tún dá fóònù padà sápò, torí kò mọ ẹni tó ń gbọ́.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀gá Ọláyẹmí ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ara rẹ̀ balẹ̀, kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà dópin, ó wá ní, "Bàbá, ta ló ni ẹ̀rọ iná náà?"

"Àwa ni," Tíṣà fèsì, ó gbé àyà sókè. "Owó wa la fi rà á."

"Ẹ ti fà á lé iléeṣẹ́ iná lọ́wọ́?"

"Láéláé."

Ọ̀gá Ọláyẹmí fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Á jẹ́ pé kò sí lábẹ́ wa. Òfin tó gbé wa dìde ní ká ṣọ́ ohun-ìní ìjọba, àti èyí tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí ìjọba fún láṣẹ kí gbogbo ìlú lè jẹ àǹfààní rẹ̀. Èyí tí ẹ rà tí ẹ kò fà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, bíi jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé yín ló ṣe rí. Ọlọ́pàá ló ni olè jíjà bẹ́ẹ̀."

"Ọlọ́pàá ní ẹ̀yin lẹ ni ín!"

"Wọn kò mọ̀ pé ẹ kò tíì fà á kalẹ̀ ni."

Tíṣà nu ojú rẹ̀. "Ká ní ti ìjọba ni ńkọ́?"

"Ká ní ti ìjọba ni, mi ò bá ti rán ọkọ̀ lọ gbé ọkùnrin yẹn báyìí. Ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ là bá gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ iná kì í ṣe eré, Bàbá. Ẹlòmíì lè ti ibẹ̀ rí ẹ̀wọ̀n tó máa lò kú."

Àárẹ̀ mú Tíṣà lójijì. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ láàrin ìpàdé pé kí wọ́n má fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹnu náà ló sì wá dí ọ̀nà mọ́ ọn yìí. Ohun tó sọ tẹ̀ lé e, kò mọ ibi tó ti wá. "Lẹ́tà kan wà o," ó ní. "Ti ìfàkalẹ̀ yẹn. Ọjọ́ orí ló ń dà mí láàmú. Ó ti pẹ́ tá a ti kọ ọ́, kí wọ́n tó jalè rárá."

Ọ̀gá Ọláyẹmí wò ó títí. Láéláé tó wí ṣì wà nílẹ̀ láàrin wọn. "Ẹ mú un wá ní Mọ́ńdè," ó ní.

Ọjọ́ kejì tí í ṣe Sọ́ńdè, kó tó di pé agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù, Tíṣà jókòó sídìí tábìlì, ó kọ lẹ́tà náà. Bí ó ṣe máa ń kọ ìwé sójú pátákó ló ṣe kọ ọ́, ó mọ́ tónítóní: àwa ẹgbẹ́ onílé fa ẹ̀rọ iná wa lé yín lọ́wọ́. Ó fi ọjọ́ inú oṣù tó kọjá sí i. Ó lu òǹtẹ̀ ẹgbẹ́, èyí tó ti gbà lọ́wọ́ Ajíbádé láti ọjọ́ tó ti rí bàtà tuntun. Nígbà tó gbé e wò, ìwé náà ṣì funfun jù. Ojú rẹ̀ tó ti mú ayédèrú láìmọye gbọ̀ngàn rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sápò ẹ̀yìn ṣòkòtò, ó sì jókòó lé e ní gbogbo ìgbà tí fíkà fi ń wàásù. Nígbà tí wọ́n ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ìwé náà ti gbó dáadáa.

Ẹ má rò pé ọkàn rẹ̀ kò gún un. Ó gún un. Àmọ́ ó sọ fún ara rẹ̀ pé kì í ṣe irọ́, òótọ́ tó pẹ́ kó tó dé ni. Ó ṣáà ti yẹ kí wọ́n kọ ọ́ nígbà náà. Olè kò sì gbọ́dọ̀ rí ihò àbẹ̀rẹ̀ gbà jáde tìtorí ọjọ́ orí ìwé lásán. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ ilé ìwé kan ló wá sọ irú àwáwí bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀ láyé ọjọ́sí, etí ọmọ náà ì bá ti pọ́n.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Ọ̀gá Ọláyẹmí ka lẹ́tà náà, ó yí i padà, ó tún kà á. Ó ní òun máa bá iléeṣẹ́ iná sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí alága ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí i, ó tó fún òun láti gba ọkùnrin náà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ dé. Wọ́n mú Bùsáyọ̀ wọlé, ojú rẹ̀ ṣì wú níbi tí wọ́n ti gbá a létí. Wọ́n fi í jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ọ̀gá Ọláyẹmí ka ẹ̀sùn sí i létí pé ó fọwọ́ kan ohun-ìní ìjọba láìgbàṣẹ, ó sì bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ.

"Mi ò jí nǹkan kan, mà," Bùsáyọ̀ ní.

"Ta ló rán ọ síbẹ̀?"

Bùsáyọ̀ wo Tíṣà. Ó dákẹ́. Ọ̀gá Ọláyẹmí sọ fún un kedere pé bó bá dákẹ́ báyìí, àtìmọ́lé ló ń lọ, láti ibẹ̀ ó di ilé ẹjọ́. Omi lé ròrò sójú ọkùnrin náà, síbẹ̀ kò la ẹnu. Inú Tíṣà dùn, àmọ́ ìfura tún dé. Ta ni ọkùnrin yìí ń bò láṣìírí tó tó báyìí?

Ìgbà náà ni wọ́n kanlẹ̀kùn. Adéfúnkẹ́ ni. Erùpẹ̀ ọ̀nà Ìgbẹmọ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, báàgì ìrìn àjò rẹ̀ ṣì wà lápá. Bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nílé ni Ajíbádé ti sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kò sì wọlé rárá tó fi tún gun ọ̀kadà. Kò wo ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá Ọláyẹmí, bẹ́ẹ̀ ó lè bí i lọ́mọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo rán an. Èmi ni mo pè é lórí fóònù kí n tó lọ sí Ìgbẹmọ. Mo ní kó lọ wo ohun tí wọ́n jí, kó ya fọ́tò rẹ̀, kí n lè mọ ohun tí àwa obìnrin àdúgbò máa dáwó rà. Ẹja mi ti bàjẹ́ tán. Èmi náà ni mo ní kó má jẹ́ kí Bàbá Oore mọ̀."

Tíṣà kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn pé ó pè é lórí fóònù.

Ọ̀gá Ọláyẹmí fà á dìde. "Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé yín. Ọ̀rọ̀ ti kúrò nílé yín. Ìwé tí Bàbá mú wá yìí sọ pé nígbà tí ẹ rán ọkùnrin yìí, ẹ̀rọ náà ti kúrò lọ́wọ́ yín láti oṣù tó kọjá. Ẹ kò láṣẹ láti rán ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Bí ìwé náà bá jẹ́ òótọ́, mi ò lè fi í sílẹ̀ torí pé ẹ̀yin lẹ rán an. Ńṣe ni màá kọ orúkọ tiyín náà mọ́ tirẹ̀." Ó wá kọjú sí Tíṣà, ó gbé lẹ́tà náà sókè. "Bàbá, ṣé òótọ́ ni ọjọ́ tó wà lórí ìwé yìí?"

Ẹ̀yin ará, kò sí ìbéèrè tó rọrùn láti dáhùn ju ìyẹn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Adéfúnkẹ́ yíjú sí ọkọ rẹ̀, Bùsáyọ̀ náà gbójú sókè, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Ẹnu náà là. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé, "Fúnkẹ́, kí ló wà láàrin ìwọ àti ọkùnrin yìí?"

Ìtìjú mú ẹ̀ṣọ́ kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Bùsáyọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ láti ẹ̀yìn ọwọ́ náà. "Ohun tí mo ń sá fún láti Sátidé nìyí, Bàbá."

Adéfúnkẹ́ kò sunkún. "Ẹ gbọ́ ọ," ó ní. "Ọmọ ọlọ́mọ rò ó pé ó sàn kí òun ṣẹ̀wọ̀n ju kí ẹ bi mí ní ìbéèrè yẹn lọ. Bàbá Oore, mo ti bá yín gbé títí irun mi fi funfun. Wọ́n bi yín nípa ìwé. Ẹ dá wọn lóhùn nípa ìwé."

Ọ̀rọ̀ náà dun Tíṣà wọ eegun. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ Ọ̀gá Ọláyẹmí, ó rí ibi tó ti ká a, ó rí gígún lẹ́tà rẹ̀ tó mọ́ tónítóní. Bó bá ní òótọ́ ni, wọ́n máa kó àwọn méjèèjì lọ. Kí Ọlọ́run forí jì í, ó rò ó. Ó kọ́kọ́ rò ó ná. Ó wá jókòó sórí àga tí ẹnikẹ́ni kò fi lọ̀ ọ́.

"Irọ́ ni," ó ní. "Àná ni mo kọ ọ́. Èmi nìkan ni. Ẹgbẹ́ kò mọ̀ sí i. A kò fa ẹ̀rọ náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí."

Ọ̀gá Ọláyẹmí mí kanlẹ̀. Ó ní kí Bùsáyọ̀ dìde. "Ẹ̀rọ wọn kò sí lábẹ́ wa, ẹjọ́ rẹ náà kò sì sí lábẹ́ wa. Gba ẹrù rẹ, máa lọ sílé. Màmá, ẹ̀yin náà ẹ máa lọ." Tíṣà fẹ́ dìde bá wọn, obìnrin náà fi ọwọ́ dá a dúró. "Ẹ̀yin kọ́, Bàbá. Irọ́ tí ẹ pa yìí, inú ọ́fíìsì mi lẹ ti pa á, èmi lẹ sì pa á fún. Ìyẹn wà lábẹ́ mi dáadáa. Ẹ jókòó ká kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀."

Ó jókòó. Adéfúnkẹ́ gbé báàgì rẹ̀, ó jáde láìwẹ̀yìn. Bùsáyọ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀gá Ọláyẹmí wọ yàrá kejì lọ mú ìwé tó máa kọ ọ̀rọ̀ sí, ó sì ku Tíṣà àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ohun tó yẹ kí èèyàn máa rò nírú ìgbà yẹn pọ̀: orúkọ rẹ̀ ládùúgbò, ohun tó máa sọ fún fíkà, bó ṣe máa bẹ ìyá Bùsáyọ̀. Ó tiẹ̀ gbìyànjú láti rò wọ́n. Àmọ́ kò sí bí a ṣe máa se ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Nígbà tó yá, ó dìde jẹ́jẹ́, ó yọ́ lọ sídìí fèrèsé. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀kadà kan náà ni wọ́n jọ máa gùn.

Bùsáyọ̀ ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ ní ọ̀nà Fájuyì, ọ̀rá ẹ̀mú rẹ̀ ń fì lọ́wọ́. Adéfúnkẹ́ kò bá a lọ. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ nídìí géètì, ó kọjú sí fèrèsé náà tààrà, ó ń retí ìgbà tí orí ọkọ rẹ̀ máa yọ.